Orí Keje: Òkun Àtijọ́ Lábẹ́ Ilẹ̀ Yewa, àti Àwọn Ẹ̀dá Àìfojúrí tó Ń Ròyìn Rẹ̀

Ẹni tó bá gba Òkè-Ọ̀dàn kọjá lọ sí Ìlaró, ilẹ̀ pupa àti yanrìn ni yóò máa rí lọ́tùn-ún lósì: oko ẹ̀gẹ́, oko àgbàdo, igi ọ̀pẹ, àti ẹ̀bá ọ̀nà tí àgbàrá òjò ti wọ́ lọ. Ó lé ní 30 kìlómítà kí èèyàn tó dé etí òkun níhà Àgbádárìgì. Síbẹ̀, ní nǹkan bí 56 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, omi iyọ̀ ló bo agbègbè yìí, ẹja sì ń lúwẹ̀ẹ́ níbi tí àwọn ìyálọ́jà ń pàtẹ sí lónìí. Báwo la ṣe mọ̀? Báwo la sì ṣe lè sọ bóyá òkun náà jìn tàbí kò jìn, bóyá ó gbóná tàbí ó tutù, bóyá ọ́síjìn pọ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀ tàbí ó wọ́n?

Ọ̀pọ̀ èèyàn á rò pé egungun ẹja ńlá tàbí eyín àkùrákùdà ló máa sọ ọ́. Àwọn nǹkan wọ̀nyẹn dára, wọ́n sì wúlò, àmọ́ wọn kì í pọ̀, wọ́n sì máa ń fọ́n káàkiri. Ẹranko ńlá tún lè rìn láti ibi kan lọ síbòmíràn, kí ó fara da oríṣiríṣi omi, kí ó tó kú sí ibi tí kò bá a mu. Ẹ̀dá àìfojúrí kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí omi bá ti bá a lára mu ló ti ń gbèrú, ibi tí kò bá sì bá a mu, kò ní pẹ́ pòórá níbẹ̀. Ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ṣíbí amọ̀ kan ṣoṣo láti inú ilẹ̀ fi lè mú ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn jáde. Nítorí náà, nígbà tí a bá ń wádìí bí òkun àtijọ́ ṣe rí, ọ̀dọ̀ àwọn tó kéré jù lọ nínú rẹ̀ ló yẹ ká kọ́kọ́ lọ.

Ilẹ̀ tí òkun fi sílẹ̀

Ilẹ̀ Áfíríkà àti ilẹ̀ Gúúsù Amẹ́ríkà ti jẹ́ ilẹ̀ kan ṣoṣo rí. Ó ti lé ní 100 mílíọ̀nù ọdún tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í pínyà. Bí wọ́n ṣe ń jìnnà síra wọn ni Òkun Àtìláńtíìkì ń ṣí sí àárín, tí etí ilẹ̀ níhà tiwa sì ń rì díẹ̀díẹ̀. Kòtò ńlá kan ṣẹ́ yọ báyìí, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìlà oòrùn Ghana, ó gba Togo àti Benin kọjá, ó sì wọ ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà. Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ ń pè é ní kòtò Dahomey. Yanrìn, ẹrẹ̀ àti ìkarahun ẹ̀dá omi ń rọ̀ sínú rẹ̀ láti ìgbà dé ìgbà, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ń lé orí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, títí gbogbo rẹ̀ fi le di òkúta.

Ààlà Nàìjíríà àti Benin tó kọjá nítòsí Ìdí-Ìrókò kò sí nínú òkúta wọ̀nyí. Òkúta ẹfun tí wọ́n ń fọ́ ṣe sìmẹ́ǹtì ní Èwékorò, ní Ṣàgámù àti ní Ìbẹ̀ṣè ní Àríwá Yewa, ìgbà kan náà ló dì pẹ̀lú èyí tí wọ́n ń wà ní Onigbolo nítòsí Pobè ní Benin, àti ní Tabligbo ní ilẹ̀ Togo. Òkun kan náà ló tẹ́ gbogbo wọn.

Ní 1964, H. A. Jones àti R. D. Hockey, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń wádìí ilẹ̀ Nàìjíríà, tẹ ìwé kan jáde lórí ilẹ̀ apá ìwọ̀ oòrùn gúúsù. Orúkọ àwọn ìlú wa ni wọ́n fi sọ àwọn ìpele tí wọ́n rí. Òkúta ẹfun Èwékorò wà nísàlẹ̀. Lókè pátápátá nínú àwọn tí òkun àti etí òkun tẹ́ sí wa lágbègbè yìí ni òkúta oníyanrìn Ìlaró. Láàárín wọn ni ìpele Òṣòṣùn wà, èyí tó ní amọ̀ àti fọ́sífeètì. Lẹ́yìn náà, ní 1972, F. G. A. Ogbe ya amọ̀ tó wà tààrà lórí òkúta ẹfun sọ́tọ̀, ó sì sọ ọ́ ní Àkíńbò. Yanrìn mìíràn tó kéré lọ́jọ́ orí ló wá bo gbogbo wọn mọ́lẹ̀. Orí àwọn ìpele oníyanrìn tó wà lókè yìí ni Òkè-Ọ̀dàn jókòó lé, ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń gbẹ́ ilẹ̀ nínú ọgbà rẹ̀ kò fi ní kan òkúta ẹfun.

Òfin kan wà tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ di mú: bí ilẹ̀ kò bá dojú dé, ìpele tó wà nísàlẹ̀ ló dàgbà ju èyí tó wà lórí rẹ̀ lọ. Bí a bá ń gòkè láti ìsàlẹ̀ kúárì wá sókè, inú àkókò là ń rìn wá.

Ó yẹ ká sọ ọ̀rọ̀ kan nípa àwọn kúárì náà. Igbó, oko àti erùpẹ̀ pupa bo òkúta mọ́lẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ Yewa àti Ẹ̀gbá, ojú ibi tí ìpele ti hàn ketekete kò pọ̀. Ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì Èwékorò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1960, ti Ṣàgámù tẹ̀ lé e ní 1978, ti Ìbẹ̀ṣè sì ṣí ní 2012. Nígbà tí katapílà gé ilẹ̀ lulẹ̀ gbọọrọ, ògiri tó kù sẹ́yìn ni àwọn onímọ̀ rí kà. Bí kò bá sí kúárì wọ̀nyí, ìwọ̀nba díẹ̀ ni à bá mọ̀.

Òkúta tí bakitéríà kọ́

Kí a tó padà sí Yewa, ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ bí ẹ̀dá àìfojúrí ṣe lè kọ́ òkúta fúnra rẹ̀. Nínú omi òkun tí kò jìn, tí oòrùn ń ràn dé ìsàlẹ̀ rẹ̀, oríṣi bakitéríà kan wà tí wọ́n ń pè ní cyanobacteria. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ni wọ́n fi ń ṣe oúnjẹ, bí ewéko ti ń ṣe, wọ́n sì ń tú ọ́síjìn jáde. Wọ́n máa ń kóra jọ sórí ilẹ̀ ìsàlẹ̀ omi, wọ́n á sì di awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń yọ̀ tó sì ń lẹ̀. Yanrìn àti ẹrẹ̀ tí omi bá gbé kọjá á lẹ̀ mọ́ awọ náà. Ẹfun tó wà nínú omi á dì sáàárín wọn. Nígbà tí èyí bá bò wọ́n, àwọn bakitéríà náà á gun òkè lọ wá ìmọ́lẹ̀, wọ́n á tún ta awọ tuntun. Bí ọgọ́rùn-ún ọdún ti ń gorí ara wọn, òkúta kan á hù sókè níbẹ̀. Bí wọ́n bá là á sí méjì, abala lórí abala ni yóò hàn nínú rẹ̀ bí àlùbọ́sà. Òkúta yìí ni wọ́n ń pè ní stromatolite.

Àwọn tó dàgbà jù lọ tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ẹ̀dá abẹ̀mí ló kọ́ wọn wà ní Pilbara, ní ìwọ̀ oòrùn Australia. Ọjọ́ orí wọn tó nǹkan bí 3.5 bílíọ̀nù ọdún. Ní orílẹ̀-èdè yẹn kan náà, ní Hamelin Pool ní Shark Bay, irú òkúta yìí ṣì ń hù títí dòní. Iyọ̀ inú omi Hamelin Pool fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti òkun lásán. Ìgbín omi àti àwọn ẹranko mìíràn tí ì bá máa ha awọ bakitéríà jẹ kò lè fara dà á níbẹ̀ dáadáa, nítorí náà awọ náà ráyè dàgbà.

Ọ̀rọ̀ ìgbín yìí ṣe pàtàkì gan-an. Fún èyí tó pọ̀ jù nínú ìtàn ayé, kò sí ẹranko kankan tó ń jẹ awọ bakitéríà, stromatolite sì gbalẹ̀ kan nínú àwọn òkun tí kò jìn. Nígbà tí ẹranko dé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́, awọ náà sì sá lọ sí àwọn ibi tí ara kò ti rọ ẹranko. Nípa bẹ́ẹ̀, bí onímọ̀ bá rí stromatolite, ohun àkọ́kọ́ tó mọ̀ ni pé omi ibẹ̀ kò jìn, oòrùn sì ń wọ inú rẹ̀. Bí òkúta náà bá jẹ́ ti ìgbà tí ẹranko ti wà, yóò tún béèrè ohun tó lé àwọn ajẹko kúrò: ṣé iyọ̀ ló pọ̀ jù ni, àbí ọ́síjìn ló wọ́n?

Ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, Mauritania ni ibi tó lókìkí jù fún irú òkúta yìí. Ní agbègbè Atar, stromatolite tò jọ gbọọrọ nínú òkúta tí ọjọ́ orí rẹ̀ tó nǹkan bí 1.1 bílíọ̀nù ọdún. Òkun kan tó wọ àárín ilẹ̀ ló wà níbẹ̀ nígbà náà, níbi tí aṣálẹ̀ Sàhárà wà báyìí. Lábẹ́ aṣálẹ̀ yẹn kan náà, wọ́n gbẹ́ òkúta amọ̀ dúdú jáde. Ní 2018, Nur Gueneli, Jochen Brocks àti àwọn akẹgbẹ́ wọn ròyìn pé wọ́n rí àwọ̀ kan tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú nínú rẹ̀. Àwókù nǹkan aláwọ̀ ewé tí ẹ̀dá fi ń gba ìmọ́lẹ̀ oòrùn ni àwọ̀ náà, bílíọ̀nù ọdún kan ó lé kò sì pa á rẹ́. Nígbà tí wọ́n wọn oríṣi náítírójìn tó wà nínú rẹ̀, ó hàn pé cyanobacteria ló jẹ́ ìpìlẹ̀ oúnjẹ nínú òkun náà. Àwọn ewé omi tó tóbi jù wọ́n lọ kò tíì pọ̀. Ohun tí àwọn onímọ̀ wọ̀nyí fà yọ níbẹ̀ ni pé oúnjẹ tó lè gbé ẹranko ńlá ró kò tíì sí nínú òkun ayé ìgbà yẹn.

Òkun Yewa dé lẹ́yìn gbogbo èyí. Nígbà tó bo ilẹ̀ wa, ìgbín, akàn àti ẹja ti pọ̀ nínú òkun, ayé awọ bakitéríà sì ti lọ sílẹ̀. Àwọn ẹ̀dá àìfojúrí mìíràn la ní láti bi léèrè níbí.

Ẹ̀dá oníyàrá

Òléwájú nínú wọn ni foraminifera. Sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni ara rẹ̀, kò ní ojú, kò ní ẹnu, ṣùgbọ́n ó mọ ilé kọ́. Àwọn kan ń fa ẹfun inú omi òkun láti fi ṣe ìkarahun, àwọn mìíràn ń ṣa hóró yanrìn jọ, wọ́n á sì lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Bí ó ṣe ń dàgbà ni ó ń fi yàrá kún yàrá. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò tó mìlímítà kan. Wọ́n ṣì wà nínú òkun títí di òní olónìí.

Bí wọ́n ṣe ń rí wọn nínú amọ̀ kò le. Wọ́n á fọ́ amọ̀ gbígbẹ sí wẹ́wẹ́, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú kẹrosíìnì, wọ́n á da kẹrosíìnì náà kúrò, wọ́n á sì wá da omi sí i. Amọ̀ tó le bí òkúta á tú. Wọ́n á fọ̀ ọ́ lórí asẹ́ tó kúnná gan-an, tí ojú ihò rẹ̀ kò ju mìlímítà 0.063 lọ. Ẹrẹ̀ á ṣàn lọ, ìkarahun á kù sórí asẹ́. Nígbà tó bá gbẹ, wọ́n á dà á sábẹ́ máíkírósíkóòpù, wọ́n á sì máa fi búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ sùúrù ni. Ẹni tó bá yára yóò ṣa àwọn tó tóbi nìkan, èsì rẹ̀ yóò sì tàn án jẹ.

Kí ni wọ́n ń sọ? Ọ̀nà méjì pàtàkì ni foraminifera fi ń gbé. Àwọn kan ń léfòó nítòsí ojú omi, àwọn yòókù ń gbé lórí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ tàbí nínú rẹ̀. Nítòsí èbúté, níbi tí omi kò jìn, àwọn tó ń léfòó kì í pọ̀. Bí èèyàn bá ṣe ń bọ́ sí agbami ni iye wọn ń pọ̀ sí i. Onímọ̀ á ka oríṣi méjèèjì nínú amọ̀ kan, á sì ti inú ìpín wọn mọ bí omi ṣe jìn tó. Yàtọ̀ sí èyí, nínú àwọn tó ń gbé ìsàlẹ̀, àwọn kan wà tí wọ́n ń fara da omi tí ọ́síjìn rẹ̀ kéré. Bí wọ́n bá gba gbogbo ibẹ̀ kan, tí àwọn yòókù sì pòórá, ìsàlẹ̀ òkun náà ti ń há mọ́ ẹ̀dá láyà nìyẹn.

Ọ̀jọ̀gbọ́n O. S. Adegoke, tó kọ́ni ní Yunifásítì Ifẹ̀, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó ṣiṣẹ́ jù lórí òkúta wọ̀nyí. Ní 1977 ni iṣẹ́ ńlá rẹ̀ lórí ìpele Èwékorò àti àwókù ẹ̀dá inú rẹ̀ jáde. Ṣáájú ìgbà náà, ní 1970, òun àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ti pín òkúta ẹfun náà sí ẹ̀ka mẹ́ta, Ogbe sì fi ìkẹrin kún un. Ẹ̀ka tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ní yanrìn nínú. Ìyẹn fi hàn pé ilẹ̀ kò jìnnà sí ibẹ̀, àti pé omi ń gbé yanrìn wọ òkun. Lórí rẹ̀, ìkarahun ló pọ̀. Lórí ìyẹn ni ẹ̀ka kan wà tó kún fún àwókù ewé òkun. Ewé òkun kò lè gbé láìsí ìmọ́lẹ̀, nítorí náà omi ibẹ̀ mọ́ gaara, kò sì jìn. Ẹ̀ka òkè pátápátá pọ́n, fọ́sífeètì sì wà nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni nǹkan yí padà. Nísàlẹ̀ amọ̀ Àkíńbò, lórí òkúta ẹfun, hóró kéékèèké aláwọ̀ ewé wà tí wọ́n ń pè ní glauconite. Ìsàlẹ̀ òkun tí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tuntun kò ti fi bẹ́ẹ̀ rọ̀ ni irú hóró yìí ti sábà máa ń dì, inú ìkarahun foraminifera tó ti ṣófo sì jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ibi tó fẹ́ràn. Ó túmọ̀ sí pé fún sáà kan, ohun tó ń rọ̀ sórí ìsàlẹ̀ òkun kò tó nǹkan. Amọ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ lé e lórí, àsìkò òkúta ẹfun sì parí níbẹ̀.

Ẹni tó bá kà á bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra. Ìgbì lè gbé ìkarahun láti ibi kan da síbòmíràn. Omi tó ń ṣàn gba inú òkúta lè yọ́ àwọn kan, kí ó sì yí ẹfun inú àwọn yòókù padà. Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ kì í fi gbára lé àmì kan ṣoṣo.

Ìgbà tí òkun Ṣàgámù gbóná

Ibí yìí ni ìtàn òkúta wa ti kan gbogbo ayé. Ní nǹkan bí 56 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, kábọ́nù tó pọ̀ lọ́nà tó kọjá ààlà tú sínú afẹ́fẹ́ àti òkun láàárín ìgbà tó kúrú, bí a bá fi ojú ìtàn ilẹ̀ wò ó. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ka àwọn òkè ayọnáyèéfín tó wà níhà àríwá Àtìláńtíìkì sí ara orísun rẹ̀. Òkun ayé fi nǹkan bí 5°C gbóná sí i. Omi rẹ̀ kan sí i, ìkarahun ẹlẹ́fun sì yọ́ nísàlẹ̀ agbami. Nínú àwọn foraminifera tó ń gbé ìsàlẹ̀ òkun jíjìn, nǹkan bí ìdá mẹ́ta sí ìdajì oríṣi wọn ló kú àkúrun.

Àwọn onímọ̀ ti mọ bí omi ṣe gbóná tó nígbà náà lápá àríwá àti gúúsù ayé, níbi tí òtútù ti máa ń mú. Ohun tó ń dà wọ́n láàmú ni bí ó ṣe rí ní ìlà agbedeméjì ayé, níhà tiwa. Èrò kan wà pé òkun ilẹ̀ olóoru ní ohun tó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀: bó bá ti gbóná dé ìwọ̀n kan, kò ní lè kọjá bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rí tó lè yanjú ọ̀rọ̀ náà ṣọ̀wọ́n.

Kúárì Ṣàgámù ni ẹ̀rí náà ti jáde. H. Gebhardt láti Austria, pẹ̀lú O. A. Adekeye àti S. O. Akande láti Yunifásítì Ìlọrin, ti tẹ ìwádìí jáde ní 2010 lórí foraminifera kòtò Dahomey láti ìgbà náà. Ní 2017, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àti àwọn akẹgbẹ́ wọn láti Netherlands àti Amẹ́ríkà, tí Joost Frieling ṣíwájú wọn, tẹ òmíràn jáde nínú ìwé ìròyìn Science Advances. Kábọ́nù oríṣi méjì, èyí tó fúyẹ́ àti èyí tó wúwo, ni wọ́n fi dá àsìkò náà mọ̀: lójijì, nínú ìpele kan, èyí tó fúyẹ́ pọ̀ sí i, bó ṣe rí nínú àwọn òkúta ìgbà náà káàkiri ayé.

Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n fi wọn ooru omi náà, ọ̀dọ̀ ẹ̀dá àìfojúrí sì ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wá. Àkọ́kọ́, nígbà tí foraminifera bá ń kọ́lé, magínísíọ̀mù díẹ̀ máa ń bá kalisíọ̀mù wọ inú ìkarahun rẹ̀, bí omi bá sì ṣe gbóná tó ni magínísíọ̀mù náà ń pọ̀ tó. Èkejì, ọ́síjìn tó wà nínú ìkarahun náà ní èyí tó wúwo àti èyí tó fúyẹ́, ìpín wọn sì ń yí padà bí ooru omi bá ti ń yí padà. Ẹ̀kẹta ló yani lẹ́nu jù. Archaea ni orúkọ àwọn ẹ̀dá onísẹ́ẹ̀lì kan tí wọ́n jọ bakitéríà lójú ṣùgbọ́n tí ìran wọn yàtọ̀. Ọ̀rá ló di awọ ara wọn. Nínú omi gbígbóná, wọ́n máa ń to ọ̀rá náà lọ́nà tó ní òrùka púpọ̀ sí i, kí awọ ara wọn má bàa dẹ̀ jù. Archaea kú, ara rẹ̀ jẹrà, ọ̀rá náà sì wà nínú amọ̀ fún 56 mílíọ̀nù ọdún. Ìwọ̀n tí wọ́n ń fi òrùka wọ̀nyí ṣe ni wọ́n ń pè ní TEX86.

Èsì rẹ̀ rèé. Kí ìgbóná ńlá náà tó dé, omi ojú òkun Ṣàgámù ti tó nǹkan bí 33°C. Nígbà tó dé, ọ̀rá archaea fi hàn pé ó kọjá 36°C. Ní òde òní, omi ojú òkun tó wà níwájú Èkó àti Àgbádárìgì kì í sábà kọjá 30°C. Òkun ilẹ̀ olóoru kò ní ohun tó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, òkúta Ìpínlẹ̀ Ògùn ló sì jẹ́rìí sí i.

Àwọn dinoflagellate wà nínú amọ̀ yẹn pẹ̀lú. Sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni àwọn náà, wọ́n ń léfòó, ọ̀pọ̀ wọn ń jẹ ìmọ́lẹ̀ oòrùn. Nígbà tí ayé wọn bá le, àwọn kan máa ń sé ara wọn mọ́ inú èèpo líle tí kì í tètè jẹrà, èèpo yìí ni a sì ń rí nínú òkúta. Nínú amọ̀ Ṣàgámù, iye wọn àti oríṣi wọn já wálẹ̀ burúkú nígbà tí ooru dé góńgó. Àwọn olùwádìí náà gbà pé ooru ló ṣe wọ́n bẹ́ẹ̀. Irú àwọn ẹ̀dá yìí ni kòkòrò omi kéékèèké ń jẹ, ẹja kéékèèké ń jẹ kòkòrò omi, ẹja ńlá ń jẹ wọn. Bí ìsàlẹ̀ oúnjẹ bá fọ́, kò sí ìpele òkè tí kò ní kàn. Òkun ayé tún ti ń gbóná báyìí, nítorí náà ọ̀rọ̀ amọ̀ Ṣàgámù kan àwọn apẹja tó ń ju àwọ̀n láti Àgbádárìgì títí dé Kútọnu.

Kí àwọn òṣìṣẹ́ kúárì tó dé ibi òkúta ẹfun, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kó amọ̀ yìí tó wà lórí rẹ̀ kúrò. Wọ́n lè lò lára rẹ̀ pẹ̀lú òkúta ẹfun, wọ́n sì lè dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Iṣẹ́ wọn ni, sìmẹ́ǹtì náà sì wúlò fún gbogbo wa. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí wọ́n máa fi ojú ògiri kan sílẹ̀ láìgé ní kúárì kọ̀ọ̀kan, kí àwọn yunifásítì wa sì máa gba amọ̀ ìpele kọ̀ọ̀kan pa mọ́, pẹ̀lú àkọsílẹ̀ ibi tó ti wá àti bó ṣe jìn tó. Ìpele tí wọ́n bá ti lọ̀ di ìyẹ̀fun kò ṣeé kà mọ́.

Fọ́sífeètì Òṣòṣùn

Lórí amọ̀ Àkíńbò ni ìpele Òṣòṣùn wà, fọ́sífeètì inú rẹ̀ sì mú ìbéèrè mìíràn wá. Irú fọ́sífeètì tó jẹ́ ti sáà tó súnmọ́ tirẹ̀ ni wọ́n ń wà ní Hahotoé àti Kpogamé ní Togo láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, tí wọ́n ń kó lọ sí òkè òkun fún ajílẹ̀. Kí ló mú kí fọ́sífeètì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nísàlẹ̀ òkun?

Ìdáhùn kan ti etí òkun Namibia wá. Ní 1999, Heide Schulz àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ròyìn bakitéríà kan tí wọ́n rí nínú ẹrẹ̀ ibẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ ní Thiomargarita namibiensis. Ó tóbi débi pé ojú lásán lè rí i, nítorí àwọn kan nínú wọn tó mìlímítà 0.75. Imí-ọjọ́ ló ń jẹ, hóró imí-ọjọ́ inú ara rẹ̀ ló sì mú kí ó máa dán funfun. Nígbà tí ọ́síjìn bá wà, ó ń kó fọ́sífeètì pa mọ́ sínú ara. Nígbà tí ọ́síjìn bá tán, á tú u jáde sínú ẹrẹ̀. Ní 2005, Schulz àti akẹgbẹ́ rẹ̀ kan fi hàn pé fọ́sífeètì tó tú jáde yìí máa ń dì sínú ẹrẹ̀ níbi tí àwọn bakitéríà náà bá pọ̀ sí.

Èyí kò túmọ̀ sí pé bakitéríà yìí gan-an ló ṣe ti Òṣòṣùn. Ohun tó fún onímọ̀ ni ọ̀nà láti béèrè. Ibi tí fọ́sífeètì bá ti pọ̀ nínú òkúta òkun, ó ṣeé ṣe kí ohun ẹlẹ́mìí tó ń rọ̀ wálẹ̀ láti ojú omi ti pọ̀ gan-an, kí ọ́síjìn ìsàlẹ̀ sì máa tán lóòrèkóòrè. Ó wá ku kí onímọ̀ wo àwọn hóró náà lábẹ́ máíkírósíkóòpù, kí ó wá ìrísí bakitéríà nínú wọn, kí ó sì fi foraminifera inú amọ̀ tó yí wọn ká wé e.

Láti inú omi dé ilẹ̀ pupa

Òkun náà kò dúró. Nínú òkúta oníyanrìn Ìlaró, yanrìn gbalẹ̀, ìlà inú rẹ̀ sì dagun, èyí tó fi hàn pé omi tó ń sáré ló gbé e wá. Foraminifera kì í pọ̀ nínú irú yanrìn bẹ́ẹ̀: ibi tó ń ru gùdù kò rọ̀ wọ́n lọ́rùn, omi òjò tó sì ń gba inú rẹ̀ kọjá fún mílíọ̀nù ọdún ti yọ́ ẹfun ara àwọn tó bá tiẹ̀ kú síbẹ̀. Irin inú yanrìn náà dípẹtà, ìyẹn ló sì fún ilẹ̀ Yewa ní àwọ̀ pupa rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní Òkè-Ọ̀dàn kò ní láti dúró de ìgbà tí wọ́n bá mú un lọ sí kúárì. Bí àwọn agbẹ́-bọ́ọ̀hóòlù bá wá sí àdúgbò, ohun tí ẹ̀rọ wọn ń pọn jáde wúlò. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ onílé àti lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ náà, kí ó sì bu díẹ̀ nígbàkígbà tí àwọ̀ ilẹ̀ tó ń jáde bá yí padà. Kí ó dì í sínú ọ̀rá lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ó kọ ọjọ́, orúkọ àdúgbò àti iye mítà tí ẹ̀rọ ti wọlẹ̀ sára rẹ̀. Yanrìn pupa ni yóò kọ́kọ́ jáde. Bí ẹ̀rọ bá kọjá rẹ̀, tó sì kan amọ̀ aláwọ̀ eérú tàbí èyí tó ní hóró aláwọ̀ ewé nínú, ìyẹn gan-an ni kí ó gbé dé ọ̀dọ̀ olùkọ́ rẹ̀. Kí olùkọ́ ṣe iṣẹ́ kẹrosíìnì fúnra rẹ̀ níta gbangba, jìnnà sí iná. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fọ̀ ọ́ lórí asẹ́, kí wọ́n ka àwọn tó ń léfòó àti àwọn tó ń gbé ìsàlẹ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n sì kọ iye wọn sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye mítà tí amọ̀ náà ti jáde.